Kì í Dá Gbé

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kọkànlá ni Balz wọlé.
Kùrukùru ti bo àwọn òkè Glarus dé ọrùn.
Ó ṣí fìlà, ó gbọn omi òjò dànù sẹ́nu ọ̀nà,
ó ní ọmọ òun tó wà ní Basel ló rán òun wá,
ó ní kí òun wá nǹkan onírun kékeré kan
tí yóò máa mí nínú ilé.

Mo ní, "Ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó."
Ó wẹ̀yìn wò,
bí ẹni pé mo rí ẹlòmíràn tó ń bá a bọ̀.

Mo kọ́kọ́ fi hámústà hàn án.
Ó ká jọ sí igun
bí ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé tí ẹnìkejì rẹ̀ ti sọnù.
Mo ní, "Ọ̀sán ni oorun tirẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú tán
á gun kẹ̀kẹ́, á máa sá eré tí kò dé ibì kankan."
Balz ní, "Ìyẹn ti wà nílé. Èmi ni."

Ehoro ńkọ́? Ehoro dúdú, elétí gbọọrọ,
tó ti gé wáyà tẹlifíṣọ̀n ilé mẹ́ta jẹ.
Ó fọwọ́ kan etí rẹ̀, ó sì yára yọwọ́.
Ó ní ó rán òun létí ìbọ̀wọ́ kan.
Kò sọ ìbọ̀wọ́ ta ni.

Ìgbà náà ló rí i lábẹ́ koríko gbígbẹ,
ẹmọ́ òyìnbó, pupa rúsúrúsú,
irun orí rẹ̀ yí po bí omi tó ń wọ ihò,
kò níru, kò lọ́rùn,
imú rẹ̀ ṣáà ń gbọ̀n pì pì
bí ẹni tó fẹ́ pe orúkọ kan tí kò rántí.
Balz bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Orúnkún rẹ̀ dún bí igi gbígbẹ.
"Èyí," ó ní. "Ẹ bá mi di èyí."

Kí ni kí n ti wí?
Òfin ilẹ̀ wa kò gbà kí a sin ẹyọ kan ṣoṣo.
Mo sọ ọ́ bí mo ti ń sọ ọ́ fún gbogbo ayé:
ẹranko yìí kì í dá gbé.
Bó bá ku òun nìkan, á kọjú sí ògiri,
oúnjẹ á wà níwájú rẹ̀, kò ní jẹ ẹ́,
kò ṣàìsàn, kò fara pa,
irun rẹ̀ á ṣáà máa jábọ́.

Ó dákẹ́. Fìlà ń yí lọ́wọ́ rẹ̀.
"Ṣé inú ìwé òfin ni wọ́n kọ ìyẹn sí?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
"Ti ẹmọ́?"
Mo ní ti ẹmọ́ ni.

Ogójì ọdún ló fi ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdókọ̀ ojú irin,
bóyá ìdí nìyẹn tó fi béèrè
bí ẹni tó ń wádìí ọkọ̀ tó kàn:
"Bí ọ̀kan bá wá kú ńkọ́?"
"Ẹ ó padà wá mú òmíràn."
"Bí ìyẹn bá kú?"

N kò dáhùn. Mo lọ gbé ìkejì wá,
arúgbó, olójú kan, oníjà,
tí ẹnikẹ́ni kò yàn láti ìgbà ooru.
Kí n má purọ́, mo ti ń wá ẹni tí yóò gbé e lọ.
Ó gbé e sáyà. Ó tọ̀ sí i lára.
Balz ní, "Ó dáa. A ti mọra."

Fọ́ọ̀mù béèrè: ẹni mélòó ló ń gbé inú ilé?
Ó kọ méjì, ó pa á rẹ́, ó kọ ọ̀kan,
bírò fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ìwé já.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan mo pè é, bí iṣẹ́ mi ti là á sílẹ̀.
"Ẹ ńlẹ́ o. Ṣé dáadáa lẹ wà?"
Ọ̀wọ̀ àgbà ni mo fi sọ ọ́, ẹnì kan ni mo ń kí.
Mo gbọ́ tí ọ̀rá ewébẹ̀ ń dún lẹ́yìn rẹ̀,
mo gbọ́ súfèé, ọ̀kan tín-ín-rín,
èkejì bí ilẹ̀kùn tó ń fẹ́ epo.
Ó ní kí n dúró ná, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ariwo,
olójú kan ti tún gba kárọ́ọ̀tì mọ́ ẹnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́.
Ó pẹ́ kó tó padà sórí fóònù. Ó ń mí hẹlẹ.
"A wà," ó ní. "A wà dáadáa."